Bánúsọ Lábẹ́ Igi Màngòrò

Jímọ̀, 4 Oṣù Keje

Òjò ò jẹ́ ká lọ sóko lónìí. Àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, ọkọ mi sì ní àwọn ọ̀bọ ti ń yọjú láti etí odò. Ó ní bí kì í bá ṣe ti Bánúsọ, ṣùkù lásán la ó máa kó wálé.

Bánúsọ ni ajá wa. Bàbá ọkọ mi ló sọ ọ́ lórúkọ, nígbà tí òun àti àwọn ará ilé kejì ń jà lórí ààlà ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ sì sú u. Báyìí, bí wọ́n bá ti ń pe ajá yẹn, á dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn. Láti ẹ̀yìn Iléyá tí mo ti wọ ilé yìí ní Kambolé, òun nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀ láìwo ilẹ̀. Bí Bàbá bá ń kọjá, mo ti kúnlẹ̀, ohùn mi á sì sá wọlé. Ìyálé mi Mìsìtúrà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, sọ ọ́ lánàá lójú gbogbo ilé pé, "Ẹ wò ó dáadáa o, àbí odi la gbé wálé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ìborùn bo ẹnu.

Orúkọ ọkọ mi, mi ò tíì pè é rí. Kò yẹ ìyàwó, áńbọ̀sì ìyàwó tuntun. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, torí ìwé kàyé mi yìí ò lẹ́nu: Ràṣídì.

Àtàláátà, 8 Oṣù Keje

Ẹ̀gún gún Bánúsọ lẹ́sẹ̀ lóko. Ọkọ mi fi àkísà di ẹnu rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ó ní, "Ajá tí nǹkan bá ń dùn kì í mọ olówó rẹ̀. Má rò pé ó fẹ́ràn rẹ kó o wá gbàgbé." Ó yọ ẹ̀gún náà, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo fi iyọ̀ sí fọ ojú ibẹ̀. Mìsìtúrà ní ká da kẹrosíìnì sí i. Ọkọ mi ní Mùsíyò Àsíìsì, dókítà ẹran ní Tchamba, ti kìlọ̀ fún òun: ajá á lá a, á sì jó o nínú.

Èmi ni mò ń se oúnjẹ rẹ̀ báyìí. Ọkà àgbàdo, orí ẹja gbígbẹ, kò sí ata, kò sí àlùbọ́sà. Omi ló ń kọ́kọ́ mu bó bá ti oko dé, á sinmi, kó tó jẹun. Egungun adìyẹ, ká má gbìyànjú ẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ ń gún ìfun. Abọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn abà, kì í wọ agbo ilé, nítorí ìyá ọkọ mi. Abọ́ tí ẹnu ajá bá kàn nínú ilé yìí, ẹ̀ẹ̀meje ni Ìyá ń fọ̀ ọ́, iyẹ̀pẹ̀ ló sì fi ń ṣe ti àkọ́kọ́. Ìyá ò kórìíra ajá o. Àdúrà rẹ̀ ló kàn fẹ́ràn jù ú lọ.

Àtìní, 14 Oṣù Keje. Komah, Sokodé

Mo wà nílé Tàntí Fúlèrá, àbúrò Ìyá. Apá òsì mi wú, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé.

Àná ni. Mo ṣáájú lọ sóko, ọkọ mi ń tún táyà ọ̀kadà ṣe lẹ́yìn. Bánúsọ wà níwájú mi. A dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí odò, mo rí ajá pupa kan tí mi ò mọ̀ rí. Itọ́ ń ṣe ìfófòó lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó mutí, ó fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀. Ajá tó bá ń gbó, mo mọ bí wọ́n ti ń yẹra fún un. Èyí ò gbó. Ó kàn ń bọ̀.

Mi ò lè ké. Ẹnu mi là, ohùn kankan ò jáde. Bánúsọ ló bọ́ sáàárín wa. Wọ́n gbá ara wọn mú, wọ́n ń yí nínú ẹrẹ̀. Mo fi èrúkọ́ gbá ajá pupa náà, ó yíjú, eyín rẹ̀ kan sì ha mí nísàlẹ̀ ìgúnpá, ẹ̀jẹ̀ yọ. Bánúsọ gbá a mú lọ́rùn títí ọkọ mi fi sáré dé pẹ̀lú àdá. Nígbà tó parí, etí Bánúsọ kan ti ya, ọrùn rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wá dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, ọkọ mi pariwo, "Má kàn án! Itọ́ ìyẹn wà lára rẹ̀!"

Ìyá rí apá mi nígbà tí a délé. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, "Bísímílláì," ó fi ra ojú ọgbẹ́ náà, ó sì ń da omi sí i, ó ń kà á títí ó fi pé méje. Bó ti ń fọ abọ́ náà ló ṣe fọ̀ mí.

Ní díspánsérì, ilé ìwòsàn kékeré abúlé wa, obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn wò ó, ó ní, "Ta ló fi iyẹ̀pẹ̀ síbí?"

Ìyá ní, "Èmi ni. Bí wọ́n ṣe ń fọ ibi tí ẹnu ajá bá kàn nìyẹn."

"Ìyá, omi tẹ́ ẹ dà yẹn, Ọlọ́run á san yín lóore rẹ̀. Òun ni irú ọgbẹ́ yìí ń fẹ́. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀, ti abọ́ ni o. Ara tó bá là, iyẹ̀pẹ̀ á gbé àìsàn mìíràn wọ̀ ọ́. Ọṣẹ ni, Ìyá. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn."

Ó tún un fọ̀. Ó pẹ́ títí ìka mi fi hunjọ. Kò rán an. Ó ní ká lọ sí Sokodé lọ gba abẹ́rẹ́, ó ní òní ni kì í ṣe ọ̀la. Nígbà tí a jáde, Ìyá dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò wojú mi. Ó bọ́ ìborùn tó fi ń kírun, ó fi wé mi lọ́rùn nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀nà.

A yà ní Tchamba lọ́dọ̀ Mùsíyò Àsíìsì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Ìgbà wo ni Bánúsọ gbabẹ́rẹ́ kẹ́yìn?"

Ọkọ mi ní, "Ìgbà tó wà lọ́mọ ajá."

"Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ajá tí dìgbòlugi bù jẹ, tí agbára abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti tán báyìí, ká pa á ló dáa jù. Bó o bá ní o ò pa á, so ó mọ́ ibi tí ènìyàn ò ní dé fún oṣù mẹ́fà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún un lóúnjẹ, kó má sì fọwọ́ kàn án. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin méjèèjì. Àìsàn yìí kì í fìgbà gbogbo mú ajá sáré kiri. Ó lè jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló máa là, tí kò ní lè pa á dé, tí itọ́ á máa dà. Ẹ ó ní egungun ló há a lọ́fun. Ẹ ó fẹ́ bá a yọ ọ́. Ẹ má dán an wò."

Ọkọ mi wò mí. Èmi náà ò mọ̀ pé mo máa sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ó dúró níwájú mi."

A sì tẹ̀síwájú lọ sí Sokodé. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ti ajá, wọ́n tún gún mi ní ti àìsàn inú iyẹ̀pẹ̀. Tàntí Fúlèrá sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ kí n má bàa sunkún: "Ìyàwó wa, látọjọ́ tí mo ti ń retí rẹ, ajá ló wá sìn ọ́ dé!"

Sátidé, 19 Oṣù Keje

Mo ti padà sílé láti Àlàrùbá, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì. Bàbá ní kí wọ́n pa ajá. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́.

Bàbá ní, "Ràṣídì, o rò pé èmi ò fẹ́ràn rẹ̀? Èmi ni mo gbé e láti ilẹ̀ Benin nínú àpò. Mo ti rí ẹni tí àìsàn dìgbòlugi pa. Omi ló ń tọrọ, bí wọ́n bá sì gbé omi wá, á máa ké. O ò tíì rí i. Ìdí tó o fi ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn."

Ọkọ mi ò dìde nílẹ̀. Bàbá wá ní kí wọ́n so ó, ṣùgbọ́n bí òun bá rí ohunkóhun, ìbọn ni.

Ẹ̀wọ̀n la fi so ó, a sì fi okùn tì í lẹ́yìn, lábẹ́ igi màngòrò lẹ́yìn abà. Ọkọ mi fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí i ká. Mùsíyò Àsíìsì wá pẹ̀lú ọ̀kadà, ó gún gbogbo ajá abúlé. Ó gún Bánúsọ náà, ó ní kì í ṣe ìdánilójú.

Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lẹ́nu ni mo fi ń ti abọ́ rẹ̀ wọlé, òun náà ni mo fi ń fà á jáde.

Àlàádì, 20 Oṣù Keje

Abẹ́rẹ́ kẹta. Zémìjàn, ọlọ́kadà tó gbé mi, gba ìlọ́po owó méjì nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà.

Àtàláátà, 29 Oṣù Keje

Abẹ́rẹ́ kẹrin ti kọjá. Ara mi le. Àràárọ̀ ni mò ń yẹ Bánúsọ wò kí n tó fọ ojú ara mi: ṣé ó mu omi, ṣé ó gbé oúnjẹ mì, ṣé ohùn rẹ̀ ò yí padà. Lónìí ó mu, ó gbé e mì, ó gbó mọ́ àparò kan.

Etí rẹ̀ ti ń jinná. Eégbọn wà lẹ́yìn etí kejì, mò ń rí i, mi ò sì lè yọ ọ́. Ó máa ń nawọ́ sí mi lábẹ́ ẹ̀gún. Kò yé e. Ó rò pé ó ṣẹ̀ mí.

Sátidé, 2 Oṣù Kẹjọ

Àwọn ọ̀bọ ti mọ̀ pé kò sí ajá lóko mọ́. Wọ́n wọlé láàárọ̀ yìí bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìnáwó. Ọkọ mi wà ní oko iṣu, èmi nìkan ni mo wà nínú àgbàdo. Mo ju òkúta, wọn ò kúrò. Èyí tó dàgbà jù bó àgbàdo, ó ń wò mí, ó ń jẹ ẹ́. Mo ní, "Hòó," bí ẹni tó ń kí àlejò. Kò tilẹ̀ mira.

Inú wá bí mi. Mo rántí bí Bánúsọ ti ń ṣe, tó ń ti ikùn gbé ohùn jáde. Mo la ẹnu, mo ké. Mo ké títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ta mí. Wọ́n sá! Mo ń sáré tẹ̀lé wọn, mo ń ké, ìborùn mi já sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá bèèrè pé, "Ta ló ń han lóko Ràṣídì? Mo gbọ́ ọ láti òdìkejì odò."

Mìsìtúrà ní, "Odi wa ni, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín rí.

Àtìní, 11 Oṣù Kẹjọ

Abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Tàntí Fúlèrá fún mi ní aṣọ, ó ní kí n fi rán bùbá fún ọjọ́ tí wọ́n bá tú ajá sílẹ̀.

Àlàádì, 17 Oṣù Kẹjọ

Mo rí ọkọ mi lẹ́yìn abà lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó ti ọwọ́ bọ àárín ẹ̀gún, ó ń họ orí Bánúsọ. Bánúsọ ń lá ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé kò rí mi. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Mo ní bóyá àìsàn náà ò sí níbẹ̀ mọ́, oṣù kan ti kọjá. Èmi gan-an, bí mo bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, mà á ṣe é.

Jímọ̀, 22 Oṣù Kẹjọ

Bánúsọ ṣẹ́ oúnjẹ kù. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí omi há lọ́fun. Ìsọmọlórúkọ wà nílé kejì lánàá, Mìsìtúrà sì sọ pé òun ju egungun ewúrẹ́ kan sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi. Egungun ni. Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ egungun.

Sátidé, 23 Oṣù Kẹjọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí, bí n kò bá kọ ọ́ mi ò ní sùn.

Láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Itọ́ ń dà bí okùn. Ó ki imú bọ omi, omi ò wọlé. Kò bínú, kò gbó. Ó kàn ń wò wá.

Gbogbo ilé jáde. Ọkọ mi wò ó, ojú rẹ̀ tàn. Mi ò ní gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe tàn. Ó ní, "Egungun ni! Ẹ ò rí i? Egungun Mìsìtúrà ló há a! Ẹ bá mi mú ẹ̀mú wá, àbí ẹ fi sílẹ̀, ọwọ́ mi á dé ibẹ̀." Ó ti ká apá aṣọ. Ó ti ń fẹsẹ̀ ti ẹ̀gún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mìsìtúrà ní, "Ṣe kíá, kò lè mí."

Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ egungun. Ẹ̀yin kàyé, mo fẹ́ ẹ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ Mùsíyò Àsíìsì: ẹ ó ní egungun ni.

Ọwọ́ ọkọ mi ti ń lọ sí ẹnu ajá.

Mo ké. Kì í ṣe "Bàálé mi," kì í ṣe "Ẹ jọ̀ọ́." Ohùn tí mo fi ń lé ọ̀bọ ló jáde, orúkọ rẹ̀ ló sì gbé wá:

"RÀṢÍDÌ!"

Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú afẹ́fẹ́. Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu. Mìsìtúrà ń wò mí bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára ọwọ́ yẹn. Mo ní, "Ẹ yọ ọwọ́ yín. Kì í ṣe egungun. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe egungun."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún lójú bàbá rẹ̀.

Bàbá wọlé lọ mú ìbọn. Nígbà tó jáde, Ìyá ti ń bẹ̀ ẹ́ fún mi: "Ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń ṣe, orúkọ ọkọ lójú wa…"

Bàbá ò dúró. Ó ń kọjá lọ ló sọ pé, "Orúkọ tó gba ọwọ́ ẹni là kì í ṣe àfojúdi. Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fún un ní omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbà. Mo fi ọ̀pá ti abọ́ náà wọlé. Bánúsọ ti imú bọ̀ ọ́. Ó nawọ́ sí mi lábẹ́ ẹ̀gún, bó ti máa ń ṣe. Mo sọ fún un pé kò ṣẹ̀ mí. Mo sọ ọ́ sókè, gbogbo ilé gbọ́.

Mo gbọ́ ìbọn náà láti inú yàrá. Ẹ̀ẹ̀kan ni.

Àlàádì, 24 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n fi ọ̀rá wé ọwọ́ kí wọ́n tó sin ín. Kòtò náà jìn. A sun okùn, a sun abọ́, a sun ọ̀pá mi.

Àtàláátà, 26 Oṣù Kẹjọ. Komah

Ọkọ mi gbabẹ́rẹ́ kejì lónìí, nítorí ọwọ́ tí Bánúsọ lá; Sátidé ló gba ti àkọ́kọ́. Mo bá a wá. A jókòó lórí àga gígùn, ó ní, "O rí mi lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn abà."

Mo ní, "Mo rí yín."

"Kí ló dé tí o ò bá mi wí?"

"Ojú ń tì mí. Mo sì ń ṣe ìlara yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Bó o bá tún rí mi, pè mí bó o ti pè mí yẹn."

Jímọ̀, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Mọ́lúdì, ọjọ́ ìbí Ànábì, ni lónìí. A ti ń ya àgbàdo. Àwọn ọ̀bọ jẹ tiwọn, kì í ṣe ìdajì. Ìyá gbé ọṣẹ kan, ó fi sínú igbá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, níbi tó ti máa ń bu iyẹ̀pẹ̀. Ó ní fún Mìsìtúrà pé, "Èyí kì í ṣe ti ìwẹ̀ o. Ẹni tó bá fi fọ aṣọ, èmi àti ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì mí, ó ká apá aṣọ mi sókè, ó wo àpá náà. Ó fi àtàǹpàkò nù ún.

Àlàádì, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá lọ sí Benin lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, àpò kan ń mira lábẹ́ agbádá rẹ̀. Ọmọ ajá ni, ó dúdú, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan funfun. Gbogbo ilé pé jọ. Bàbá gbé e sílẹ̀ níwájú mi.

"Ìyàwó, ìwọ ni kó o sọ ọ́ lórúkọ."

Mo kúnlẹ̀. Mo rò ó. Ohùn mi ò sá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó gbabẹ́rẹ́ ná. Mùsíyò Àsíìsì ní bó bá pé oṣù mẹ́ta ni. A ó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni mà á sọ ọ́ lórúkọ."

Mìsìtúrà pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo odi wa o!"

Bàbá yíjú sí ọkọ mi. "O gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ wí. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n túká, ọmọ ajá náà ti rìn lọ sẹ́yìn abà. Mo bá a lábẹ́ igi màngòrò. Koríko ò tíì hù níbi tí Bánúsọ ti ń yípo. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì ṣe róbótó, èèpo igi sì bó níbi tí ẹ̀wọ̀n ti ń ha á. Ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń yípo lọ ní ojú ọ̀nà kan náà. Mi ò fẹ́ kó dúró síbẹ̀.

Kò tíì ní orúkọ. Mo dúró lẹ́bàá abà, mo ké sí i láti inú ikùn. Ó gbé etí sókè, ó sì ń sáré bọ̀.